Ọmọ Jámánì Tó Ń Kí Gbogbo Ayé

"Ẹ kú ìjókòó o!" Bí ọmọ Jámánì tó ń yàwòrán lókè ṣọ́ọ̀bù irun mi ní Peckham nílùú ọba ṣe máa ń wọlé nìyẹn, pẹ̀lú ọ̀dà nímú. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìkíni, òun ló sọ ọ́ di àrùn. Ó lè kan ilẹ̀kùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì kó fi kí ẹni tó wà nínú.

Lọ́dún tó kọjá, ó ní òun fẹ́ lọ tún àwọn ìlú ilẹ̀ òun wò, lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún tí òun ti kúrò níbẹ̀. Ó kó àwòrán Berlin, Hamburg àti Leipzig dé. Àwọn ilé rẹwà, àmọ́ gbogbo èèyàn inú àwòrán ló kẹ̀yìn sí wa.

Mo ní, "Ṣé àwọn èèyàn rẹ ò lójú ni?"

"Wọ́n lójú, Mummy. Mo kọ́kọ́ kí wọn kí n tó yà wọ́n ni."