Iwin Tí Kì í Bì

Wọ́n ní Hamidat onídìrí ládùúgbò Ṣàngó ń kó òkùnkùn sórí àwọn ọmọ. Wọ́n ní ọmọ tó bá gbé orí fún un, á máa ké lójú oorun. Irọ́ ni o! Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Pákó lásán ló wà láàárín wa, kò sí ohun tó sọ tí mi ò gbọ́. Òwú ló ń fi sí wọn lórí. Àlọ́ ló ń fi sí wọn létí.

Àlọ́ náà sì ń ba ni lẹ́rù, ká sòótọ́. Iwin kan gbé ìyá ọmọ kan mì. Ìyá ò padà. Ọmọ sunkún títí, ó wá dìde, ó dáná, ó fún àbúrò rẹ̀ lóúnjẹ, òun náà sì jẹun. Bí Hamidat bá dé ibi tí iwin ti ń bọ̀, á fún orí ọmọ mọ́ àárín orúnkún rẹ̀ gírígírí. Ọmọ á ké, gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín: "Àǹtí, ẹ tún un sọ!"

Wàhálà dé nígbà tí Barakah, ọmọ ọdún méje, ní òun ò dá sùn mọ́. Ìyá rẹ̀ já wọlé.

"Ìyá oníwin! Kí lo fi ọmọ mi ṣe?"

"Irun ni mo bá a dì. Bi í léèrè ohun tó ń wò nínú fóònù rẹ."

"Fíìmù lásán nìyẹn!"

"Fíìmù tí wọ́n ti ń bẹ́ orí èèyàn? Ta ló jókòó tì í nígbà tó ń wò ó? Lọ́dọ̀ tèmi, bí ẹ̀rù bá bà á, èmi náà ló ń dì mú."

Obìnrin náà gba ọ̀dọ̀ onílé wa lọ, Alájì Àbdùlkàdírì. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Alájì. Ó ní, "Hamidat, ṣáà jẹ́ kí iwin yẹn bi ìyá ọmọ jáde, ọ̀rọ̀ á tán. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oṣù yìí ò gbọdọ̀ parí bá ọ níbí."

Hamidat kúnlẹ̀, ó kí i dáadáa.

"Alájì, ẹ má bínú. Iwin tèmi kì í bì."

Hẹ̀n! Nígbà tí Alájì lọ tán, mo ní, "Ṣé orí ẹ pé? Jẹ́ kó bì, kí o lè ríbi jókòó!" Ìgbà yẹn ló sọ ohun tí mi ò gbọ́ rí.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú sórí ìkúnlẹ̀. Àwọn àgbà ò fẹ́ kó sunkún, wọ́n ní ìyá lọ sí Mọ́kà. Àánú ni wọ́n pè é o. Lọ́dọọdún, bí àwọn Alájì bá ti Mọ́kà dé, Hamidat á máa lọ láti agboolé dé agboolé. Wọ́n á fún un ní dàbínù, èso tí wọ́n kó bọ̀ láti ibẹ̀, òun á máa béèrè, "Ẹ ò rí ìyá mi níbẹ̀?" Wọ́n á ní, "Ó ń bọ̀." Ọdún mẹ́rin! Ọmọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan nílé kéú ló fi bú u: "Ìyá ẹ ti kú, ò ń jẹ dàbínù kiri!"

Ó ní, "Wàláì, láti ọjọ́ náà mi ò jẹ dàbínù mọ́, mi ò sì tan ọmọdé."

Oṣù ò tíì parí tó fi kó ẹrù rẹ̀. Abẹ́ máńgòrò iwájú ilé àbúrò rẹ̀ ló gbé àpótí ìjókòó lọ. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ta ni mo bá níbẹ̀? Barakah! Kò gbà kí onídìrí mìíràn fọwọ́ kan orí òun. Ìyá rẹ̀ dúró, ó kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Irun nìkan o!"

Barakah ti ki orí bọ àárín orúnkún. "Àǹtí, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tí iwin ti ń bọ̀."

Hamidat sì bẹ̀rẹ̀. Ìyá Barakah kùn, ṣùgbọ́n kò lọ. Nígbà tó yá, ó fa bẹ́ǹṣì, ó jókòó.

Mo ní kí n máa lọ, mo bi Hamidat léèrè ohun tí màá sọ fún àwọn tó ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kiri. Kò gbójú sókè kúrò lórí irun.

"Sọ fún wọn pé ìyá ò padà," ó ní, "ṣùgbọ́n ọmọ ti jẹun."