Búrọ́ọ̀ṣì Tí Irun Rẹ̀ Kì Í Re

Àǹtí mi Mannubia kò ga. Bó bá fẹ́ nu òkè ẹ̀rọ kọfí rẹ̀, orí àpótí ẹja ló ń gùn, àwọn oníbàárà á sì máa bá gìgísẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù kọfí rẹ̀ létíkun erékùṣù Kerkenna, kò sí apẹja tó gbójú láti sọ pé kó yára. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Àkísà tútù ló fi dá mi lóhùn.

Ọkọ rẹ̀ ló fi ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ nígbà tó kú, òun àti Ammar, àbúrò ọkọ rẹ̀, ni wọ́n sì jọ ni ín. Irun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ máa ń fọ ẹnu ẹ̀rọ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àǹtí mi ń fọ tiẹ̀ lẹ́yìn ife mẹ́wàá mẹ́wàá, torí ó ní kọfí tó bá lẹ̀ mọ́bẹ̀ máa ń korò bí ọ̀rọ̀ àna. Omi gbígbóná ẹ̀rọ náà kì í jẹ́ kí búrọ́ọ̀ṣì oníke tó ń rà lọ́jà láti fi fọ̀ ọ́ pé oṣù kan. Irun rẹ̀ á máa re, á sì máa bọ́ sínú kọfí ẹni ẹlẹ́ni.

Lọ́jọ́ kan, Farhat, tó ń wa ọkọ̀ ojú omi, fa irun dúdú kan yọ láàárín eyín rẹ̀.

"Mannubia, irùngbọ̀n ẹ ti ń re o."

"Ṣé o sanwó irun ni? Dá a padà."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi Ammar. "Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ẹ yéé fọ ẹ̀rọ yìí ní gbogbo ìgbà. Bí irun kan bá tún bọ́ sínú ife, ẹ máa gbé kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wá. Màá mú ọkùnrin kan wá láti ìlú Sfax tó máa rọ́pò yín."

"Mi ò ní yéé fọ̀ ọ́," ni àǹtí mi wí. "Mi ò sì ní gbé kọ́kọ́rọ́ wá."

Nígbà tí Farhat ti Sísílì nílẹ̀ Ítálì dé, ó mú búrọ́ọ̀ṣì kan bọ̀ láti fi tu àǹtí mi lójú. Igi ni ọwọ́ rẹ̀, irun rẹ̀ sì le gan-an. Oṣù kan, oṣù méjì, ẹyọ kan kò re. Àǹtí mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nídìí ẹ̀rọ. Kí Ọlọ́run má bínú sí mi, irun inú kọfí sàn ju ohùn yẹn lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni Bàbá Tijani, tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ nílẹ̀ Ítálì, gbé búrọ́ọ̀ṣì náà sójú.

"Mannubia, irun kí lèyí?"

"Irun tó le ni, bàbá."

"Irun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe irú èyí lọ́hùn-ún."

Gbogbo ife dúró lójú kan. Àǹtí mi gé ẹyọ irun kan, ó ṣáná sí i. Bó bá jẹ́ ike ni, ì bá yọ́. Èyí ká kò, òórùn irun jíjó sì gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù.

"Oṣù méjì ni mo ti ń mu haramu," ni apẹja kan wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀," ni Farhat ń sọ. "Búrọ́ọ̀ṣì ni mo rà, mi ò bi í pé ta ni bàbá ẹ̀."

Ammar na ọwọ́. "Kọ́kọ́rọ́ dà?"

"Irun wo ló bọ́ sínú ife?" ni àǹtí mi bi í. "Irun tó bá bọ́ lo sọ. Èyí ò bọ́."

Ó ju búrọ́ọ̀ṣì náà síná, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fọ gbogbo nǹkan fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò jẹ́ kí n bá a ṣe é, torí pé mo dún bí ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan péré.

Lọ́jọ́ kejì, mo bá a létí òkun, ó ń rin pákò. Ó dúró, ó tẹjú mọ́ ẹnu pákò náà.

"O ti rí i kí irun pákò re rí?"

"Bí èèyàn bá jẹ ẹ́ jù, ó máa ń re."

"Ìwọ nìkan lo máa ń jẹ ẹ́."

Ó gé ọ̀pá imọ̀ ọ̀pẹ dàbínù, ó rẹ ẹ́ sínú omi òkun mọ́jú, ó sì fi ọmọ odó lu ẹnu rẹ̀ lórí òkúta títí tó fi ya fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí òwú. Ẹnikẹ́ni kò so irun mọ́ ọn, ọ̀pá fúnra rẹ̀ ló di irun. Àkọ́kọ́ là sí méjì. Ìkejì náà là. Ọwọ́ rẹ̀ ti lé ròrò kí ìkẹta tó gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, Bàbá Tijani gbóòórùn búrọ́ọ̀ṣì náà, ó mi orí pé ó dára, ó jókòó. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Oṣù mẹ́ta kọjá, irun kankan kò bọ́ sínú ife, inú ń bí Ammar.

Ó wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó mú ẹ̀mú tí wọ́n fi ń yọ ìwọ̀ lẹ́nu ẹja dání. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó di irun búrọ́ọ̀ṣì náà mú, ó fà á. Kò já. Ó fi ẹsẹ̀ ti ògiri, ó tún fà á, etí rẹ̀ pọ́n. Àwọn apẹja ń kà á fún un: "Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Sinmi díẹ̀, Ammar."

Ó gbé ẹ̀mú sílẹ̀. "Ẹ fún mi ní kọfí kan."

"Ìlà wà lẹ́yìn ẹ níbẹ̀ yẹn, lọ tò síbẹ̀," ni àǹtí mi wí, ó sì gun orí àpótí, ó kọ ẹ̀yìn sí i.