Àwọn Ẹyẹ Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Bàámi

Òórùn adágún omi Thamesmead láàárọ̀ kùtù kì í ṣe òórùn tí èèyàn ń dúró gbọ́: ẹrẹ̀, koríko tútù, àti ìgbẹ́ ẹyẹ. Ṣùgbọ́n èmi ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n bí sétí ọ̀sà, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ òórùn yẹn, àfi bíi pé mo ti délé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Lọ́ńdọ́nù nígbà yẹn ni, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo ń ṣe. Kí n tó wọ bọ́ọ̀sì lọ sọ́dọ̀ ìyá òyìnbó tí mo máa ń wẹ̀ fún, mo á yà létí omi náà, mo á yọ fóònù, mo á máa ya àwọn ẹyẹ ní fọ́tò fún Bàámi.

Apẹja ni Bàámi kí ẹsẹ̀ dídùn tó dá wọn jókòó sílé. Àwọn ló kọ́ mi pé ẹyẹ ló ń fi ibi tí ẹja wà han apẹja. Mo fúnra mi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya ẹyẹ: kí oòrùn wà lẹ́yìn ẹni, kéèyàn kúnlẹ̀ kí fóònù lè bá ojú ẹyẹ dọ́gba, kó sì yára, torí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ tó rọ̀ yẹn kì í pẹ́ lọ. Òtútù á ti mú ìka mi kú tipiri. Ta ló bìkítà! Ká tó wí ká tó fọ̀, ohùn Bàámi á ti wọlé sórí WhatsApp. Ẹyẹ aláwọ̀ eérú kan wà, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, tó máa ń dúró gbọin sójú kan. Wọ́n ní, "Ọ̀lẹ lèyí. Ká ní bó ṣe ń pẹja ni mo ṣe pẹja ni, ebi ì bá ti pa yín kú." Mo rẹ́rìn-ín nínú bọ́ọ̀sì títí ẹni tó jókòó tì mí fi ń wò mí.

Nígbà tó yá, àìsàn gbé Bàámi dè. Mo sọ fún Bọ̀dá mi pé mo fẹ́ wálé. Ojú Bàámi ni mo fẹ́ rí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ̀dá ní kí n mú sùúrù, kí n ṣe ìdánwò nọ́ọ̀sì mi tán. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, dípò ohùn, ọ̀rọ̀ títẹ̀ ló wọlé látorí fóònù Bàámi: "Ẹyẹ yìí mà dára o. Ọ̀fun ń dùn mí, ṣùgbọ́n ara mi ti ń yá." Inú mi dùn, mo dúpẹ́, mo fọkàn balẹ̀. Odindi ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni mo fi ń fi fọ́tò ránṣẹ́, tí èsì ń wá: ó dára, ó dára gan-an, Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ. Kò sí ẹyẹ kankan tí wọ́n bú. Irú òpè wo ni mí gan-an, ọ̀rẹ́ mi? Bàámi tí kì í rí ẹyẹ kí wọ́n má bá a jà!

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí n ṣe ìdánwò ni mo pàdé obìnrin ará Ẹ̀pẹ́ kan ní Powis Street, òpópónà ọjà kan nítòsí wa. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Auntie, ẹ kú ìrọ́jú o. Ọlọ́run á fi Àlùjánnà kẹ́ Baba."

"Baba wo?"

Ojú rẹ̀ yí padà. "Yéè! Mo gbé! Auntie, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ibẹ̀ ni mo ti pe Bọ̀dá mi, láàárín àwọn tó ń rajà. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ohùn mi ni wọ́n ti mọ̀. Bàámi ti kú ní ọjọ́ tó ṣáájú ọ̀rọ̀ títẹ̀ àkọ́kọ́. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sin wọ́n.

"Àwọn ẹbí ló ní ká má tíì sọ fún ẹ," ni Bọ̀dá wí. "Wọ́n ní ìwọ nìkan lo wà níbẹ̀, ta ni yóò dì ẹ́ mú? Fọ́tò sì ń wọlé sórí fóònù wọn láràárọ̀, ni mo bá ń tẹ èsì. Àbúrò mi, kí ni kí n ṣe?" Wọ́n bú sẹ́kún.

Mo mọ àṣà yẹn dáadáa. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Ítálì tí ìyá rẹ̀ kú nílé, èmi ni mo gbé fóònù nígbà tó pè, tí mo ní Màmá lọ kí ẹbí ní Ìjẹ̀bú. Àánú ni mo pè é nígbà yẹn. Mo ti dárí ji Bọ̀dá mi, torí èmi náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo ilé ń ṣọ̀fọ̀, èmi wà lórí ìkúnlẹ̀ létí omi, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń wá ẹyẹ tí yóò pa Bàámi lẹ́rìn-ín. Wọn ò fẹ́ kí n dá nìkan sunkún. Ẹkún tó yẹ ká jọ sun lọ́jọ́ náà, àwọn ti sun ún tán. Èmi nìkan ló ń sun ún báyìí, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ Bàámi.