Ìyẹ́ Lámilámi Lọ́rùn Agbádá

Òórùn káńfọ̀ ni ìwé yẹn ń rùn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń ṣòwò ní Abíjàn ló rà á, wọ́n sì gbé e wá fún mi nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé ṣe Iléyá. Àwọn Faransé ló tẹ̀ ẹ́ láyé àwọn baba ńlá wa, nígbà tí kámẹ́rà ò tíì wọ́pọ̀, tó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n ń fi irin ṣóńṣó fín àwòrán sára bàbà pẹlẹbẹ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Kòkòrò ló kún inú rẹ̀: eṣú, yímíyímí, àti lámilámi tí gbogbo iṣan ìyẹ́ rẹ̀ hàn fínnífínní. Mi ò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n mo mọ ọnà tí mo bá rí i.

Iṣẹ́ ọnà ọrùn agbádá ni mò ń kọ́ nígbà náà, èmi nìkan lobìnrin láàárín àwọn ọmọ iṣẹ́. Wọ́n á ní, "Ilé ọkọ ni tìẹ, kì í ṣe ìdí ẹ̀rọ." Ẹnu wọn ni! Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Alhaji, kó aṣọ gínì funfun wá fún Iléyá, wọ́n ní èmi ni kí n ṣe ọrùn rẹ̀. Ọ̀gá mi ní bó bá dára, mo gba firídọ́ọ̀mù; bí mo bá bà á jẹ́, ó di ọdún mìíràn. Èmi ọ̀jọ̀gbọ́n, mo fi ẹ̀rọ rán lámilámi inú ìwé náà yí ọrùn aṣọ ká, torí, tojú, tìrù, mo wá ń retí ìyìn.

Ọ̀gá mi gbé e sókè, wọ́n figbe ta. "Yéè! Ohun ẹlẹ́mìí lo yà sára aṣọ Alhaji? Ṣé èyí ni wọ́n máa wọ̀ kírun ní Yídì?"

 Mi ò lè tú u, nítorí ihò abẹ́rẹ́ kì í parẹ́ lára gínì. Mo sáré gbé e lọ bá ààfáà àdúgbò wa. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, àwòrán tí kò lórí kì í ṣe ẹlẹ́mìí mọ́."

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo padà sídìí ẹ̀rọ, mo fi òwú rán róbótó bo gbogbo orí, mo sọ ara wọn di ẹ̀ka igi. Ìyẹ́ nìkan ló kù, ó sì rẹwà ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Lọ́jọ́ Iléyá, àwọn ará Másífá àti Ìsúndúnrìn, ìlú ìtòsí wa, ń fọwọ́ kan ọrùn agbádá náà. "Bàbá, ta ló bá yín ṣọnà yìí?" Ọ̀gá mi ò jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi dáhùn. "Ọmọ mi obìnrin ni," ni wọ́n ké. Inú mi dùn dé ìsàlẹ̀ ọkàn. Mo gba firídọ́ọ̀mù mi.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti Abíjàn dé wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó fi àwòrán ọrùn agbádá kan hàn mí lórí fóònù: ìyẹ́ lámilámi lára ẹ̀ka igi, kò sí orí kankan. "Màmá, ọnà tó ń jà lọ́hùn-ún rèé. Bóyá ẹ lè gbìyànjú ẹ̀?"

Mo ní kó jókòó. Èmi ni mo bí ọnà náà.