Kóòtù Mẹ́ta Nínú Búùtù

Ọdún mọ́kànlélógún ni Lempi Ojala fi dáná fún àwọn ọmọ ilé ìwé ìlú wa, ìkòkò kò sì jóná mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, Karin ọmọ rẹ̀, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan lẹ́bàá adágún, fi àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta sí i lọ́wọ́. Aune jẹ́ ọmọ ọdún méje, Reino jẹ́ mẹ́rin, Tess kò tíì pé méjì. Mummu ni wọ́n ń pè é, bí a ṣe ń pe ìyá àgbà níbí. Lójoojúmọ́, ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, òun àti Tess á lọ kó àwọn méjì yòókù ní ilé ìwé, á sì fi mọ́tò gbé wọn rin máìlì mọ́kànlá padà sílé.

Ọmọ kankan kò gbọdọ̀ wọ kóòtù yìnyín jókòó sórí àga ọmọ nínú mọ́tò Lempi. Ọlọ́pàá kan ló wá ṣàlàyé fún wa ní ilé ìwé. Ó ní kóòtù náà wú bí tìmùtìmù. Èèyàn á rò pé òun ti so bẹ́líìtì le, àmọ́ bí mọ́tò bá kọlu nǹkan, kóòtù á fún, ọmọ á sì yọ̀ jáde. Ó ní ká bọ́ kóòtù, ká so ọmọ, ká wá fi kóòtù náà bò ó lẹ́sẹ̀. Lempi gba méjì àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta ni kò gbà, torí àwọn ọmọ a máa ju kóòtù sílẹ̀, wọn a fi bàtà tútù tẹ̀ ẹ́, Lempi kò sì fẹ́ràn ìdọ̀tí. Ṣe ló máa ń ká kóòtù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tó ń kó wọn sínú búùtù, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́bìrì àti bùláńkẹ́ẹ̀tì.

Aládùúgbò wọn ni mí, mo sì wà ní ilé ìdáná wọn lọ́jọ́ tí Karin sọ̀rọ̀ sí i.

"Màámi, ẹ jẹ́ kí kóòtù wà lọ́dọ̀ wọn."

"Híítà ń ṣiṣẹ́. Ṣé òtútù mú ọ rí nígbà tí mò ń gbé ọ kiri?"

"Ó mú mi. Ẹ kàn ò gbọ́ ni."

"Ìjàngbọ̀n lò ń fà nígbà yẹn. Kì í ṣe òtútù."

Karin rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kìn-ín-ní, atẹ́gùn gba orí adágún wá, ó ń da yìnyín lé wa lórí bí ẹni tó ń gbọn àpò ìyẹ̀fun. Lempi rọra ń wakọ̀. Nígbà tó dé kọ́nà ibi ìwakùsà àtijọ́, níbi tí fóònù kì í ti í rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, katakata tó ń wọ́ yìnyín kúrò lójú títì yọ sí i. Ó yà fún un. Táyà ọwọ́ ọ̀tún rì, ẹ̀yìn mọ́tò yọ̀, mọ́tò náà sì fi ìdí wọ kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, imú rẹ̀ kọjú sókè. Yìnyín bo búùtù dé gíláàsì ẹ̀yìn. Katakata ti lọ. Ẹni tó ń wà á kò rí wọn.

Bẹ́líìtì di àwọn ọmọ mú dáadáa. Kò sẹ́ni tó farapa. Lempi wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì pa ẹ́ńjìnnì, torí sàlẹ́ńsà ti rì sínú yìnyín. Èéfín á wọlé pa wọ́n bó bá jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́. Báyìí ni híítà ṣe kú. Ó jáde láti ilẹ̀kùn iwájú, ó fẹ́ dé búùtù, àmọ́ yìnyín gbé e mì dé àyà. Ọwọ́ lásán ló fi ń wa á. Bó ṣe ń wa á ni òmíràn ń ya lulẹ̀ dí ibẹ̀. Ó padà sínú mọ́tò, ó bọ́ kóòtù ara rẹ̀, ó fi bo Tess.

"Mummu, mò ń rí èémí mi," ni Reino wí.

"Má fi ṣòfò. Pa ẹnu dé."

Ohun tí Lempi mọ̀ nìyí: Karin kò ní délé títí di agogo mẹ́fà. Katakata á padà láàárín wákàtí kan, nítorí tó bá ti wọ́ apá kan ọ̀nà, á wá wọ́ apá kejì. Apá tiwọn ló sì kàn. Bí ó bá padà wá láìrí wọn, gbogbo yìnyín tó bá ń wọ́ bọ̀ ni yóò dà lé wọn lórí. Ẹni kan ṣoṣo tó lè gbà wọ́n náà ló lè sin wọ́n.

Aune ló sọ ìyókù fún mi. Lempi fúnra rẹ̀ kò sọ ju gbólóhùn méjì lọ.

Ẹ̀yìn ìjókòó ẹ̀gbẹ́ kan ṣeé ṣí sínú búùtù, ṣùgbọ́n àga Tess ló wà níbẹ̀. Lempi gba orí ìjókòó iwájú kọjá sẹ́yìn. Ó tú Tess, ó gbé e lé Aune lẹ́sẹ̀. Ó wá tẹ bọ́tìnnì bẹ́líìtì tó so àga náà mọ́ ìjókòó. Kò dáhùn. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Orúnkún ló fi máa ń tẹ àga yẹn mọ́lẹ̀ kó tó so ó, kí ẹnikẹ́ni má bàa lè mì ín. Ní báyìí tí mọ́tò ti dagẹ̀rẹ̀, bẹ́líìtì náà ti há. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló so ó, ọwọ́ ara rẹ̀ kò sì lè tú u.

Ó mú sísọ́ọ̀sì kékeré tó fi ń gé òwú ìbọ̀wọ́ jáde.

"Mummu, ṣé ẹ̀ ń bà á jẹ́ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Dì í mú kó le."

Aune ní ó pẹ́. Fọ́nrán kọ̀ọ̀kan ni sísọ́ọ̀sì náà ń gé. Tess kọ́kọ́ ń sunkún, nígbà tó yá kò sunkún mọ́. Lempi ní, "Fà á létí, Aune." "Mummu?" "Mo ní fà á létí. Jẹ́ kó sunkún, kó má bàa sùn." Aune fà á létí, ọmọ náà figbe ta, Lempi sì ń gé e lọ.

Nígbà tí bẹ́líìtì já, ó tẹ ẹ̀yìn ìjókòó sílẹ̀, ó na ọwọ́ wọnú búùtù. Kóòtù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní kíká, bó ṣe kó wọn sí i. Ó wọ̀ wọ́n fún wọn, ó kó wọn jọ sójú kan, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé wọn.

Kò wá sí àyè fún àga Tess mọ́. Ó tì í jáde láti iwájú, ó fi ṣọ́bìrì ṣe ọ̀pá, ó gun òkè dé etí títì. Ó gbé àga náà kalẹ̀, ó kọ ojú rẹ̀ sí ibi tí katakata máa gbà bọ̀, ó padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Ó jókòó. Yìnyín bo gíláàsì, kò rí nǹkan kan. Ariwo katakata ló gbọ́, ó ń sún mọ́ wọn, ó ń sún mọ́ wọn. Ó na ara rẹ̀ lé àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí.

Ariwo náà dúró.

Dale Heikkinen ló wà á. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni Lempi ń fún un lóúnjẹ nígbà tó wà ní kékeré. Nígbà tí Lempi fi jáde, ó ti kúnlẹ̀ sójú títì, ó ń tú àga náà wò.

"Ìyá Lempi! Mo rò pé ọmọ wà nínú rẹ̀! Mo rò pé mo ti…"

"Àwọn ọmọ wà nínú mọ́tò. Dìde, wá gbé wọn."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Karin fọwọ́ kan bẹ́líìtì tó já. Lempi ní, "Òtútù mú wọn, èmi ni mi ò gbọ́." Gbólóhùn kìíní nìyẹn. Èkejì ni pé, "Mi ò ní yéé bọ́ kóòtù wọn."

Kò sì yéé. Wọ́n ra bẹ́líìtì tuntun. Mo bá wọn wọ mọ́tò ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó bọ́ kóòtù Reino, ó so ó le, ó tẹ́ kóòtù náà lé e lẹ́sẹ̀. Reino ta á sílẹ̀. Lempi dúró, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú òtútù, ó gbọn ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ó fi bò ó. A kò tíì dé ìsọdá ojú irin tó tún ta á sílẹ̀. Lempi tún dúró.