Ìkòkò Tí Kò Mọ Iyọ̀

Ìkòkò ọbẹ̀ méjì ni ìyá Zipporah máa ń gbé kaná nílé wọn ní àdúgbò Crusher, ní Lọ́kọ́jà. Èyí tó tóbi jẹ́ ti gbogbo ilé. Èyí tó kéré, tí iyọ̀ kò kàn rí, jẹ́ ti Zipporah nìkan, torí pé àfín ni, àwọn àgbà sì ní àfín kì í jẹ iyọ̀.

Àmọ́ láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni Zipporah ti ń jẹ ẹ̀pà oníyọ̀ níkọ̀kọ̀, nílé ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣe tíṣà ní Ganaja. Kó tó di oṣù Ẹrẹ́nà, àmì wínníwínní ti bo imú àti apá rẹ̀, ó rí tóótòòtóó. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ó gbà pé òun ti fi ẹnu ara òun ra àìsàn burúkú.

"Máàmí, mo jẹ iyọ̀ inú ẹ̀pà," ló jẹ́wọ́ lọ́jọ́ kan.

Ìyá rẹ̀ káwọ́ lérí. "Ṣé ọ̀fun ló fẹ́ pa ọ́ ni? Dìde, ọsibítù yá!"

Nọ́ọ̀sì Ṣàmsíátù, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ awọ ara níbẹ̀, gbọ́ ẹjọ́ iyọ̀ náà, ó sì fara balẹ̀ yẹ àwọn àmì náà wò.

"Tíṣà, kí ló yí padà nínú iṣẹ́ yín lọ́dún yìí?"

Zipporah ronú. "Inú kíláàsì ni mo wà tẹ́lẹ̀. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ní kí n máa kọ́ wọn ní eré ìdárayá lórí pápá."

"Láago mélòó?"

"Méjìlá ọ̀sán."

"Nínú oòrùn Lọ́kọ́jà yìí? Iyọ̀ lẹ wá ń ka ẹ̀sùn sí lẹ́sẹ̀!" Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. "Oòrùn ló ṣiṣẹ́ yìí. Àwọn tí mo rí yìí kì í ṣe àìsàn. Ẹ má fi ọṣẹ líle bó wọn o. Ẹ máa dé akẹtẹ̀, ẹ wọ aṣọ alápá gígùn, ẹ sì máa fi ìpara tó ń dènà oòrùn para. Àmọ́ èyí tó bá ń tóbi sí i, tàbí egbò tí kò jinná, ẹ tètè wá fi hàn wá."

"Iyọ̀ wá ńkọ́?" ìyá béèrè lóhùn jẹ́jẹ́.

"Ẹ jẹ́ kó jẹ tirẹ̀ níwọ̀nba bíi tàwa yòókù, Màmá."

Zipporah mí kanlẹ̀, bí ẹni tó sọ ẹrù igi kalẹ̀. Kó tó délé, ó ti pe ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá sì gbà kí eré ìdárayá máa wáyé láago mẹ́jọ àárọ̀.

Nírọ̀lẹ́, ìkòkò kan ṣoṣo ló wà lórí iná. Ìyá bu ọbẹ̀ fún un, ó dúró tì í, ó ń wo ẹnu rẹ̀. Zipporah tọ́ ọ wò, ó fajú ro.

"Máàmí, iyọ̀ yìí mà pọ̀ jù."

"Wò ó, olè ẹ̀pà!" ni ìyá rẹ̀ wí, ẹ̀rín sì gba ẹnu àwọn méjèèjì.