Ẹnu-Aṣọ

Onígbàjámọ̀ ni àbúrò mi. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fẹ̀: àga kan tó ń yí, bẹ́ǹṣì kan, dígí kan tó ti fọ́ ní igun. Èmi tí mo jẹ́ bíríkìlà ni mo mọ ògiri rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń gé irun mi lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹnu-Aṣọ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ orúkọ tí bàbá wa sọ ọ́.

Inú ẹgbẹ́ òṣèré ni orúkọ yẹn ti wá. Àdúgbò wa ní gbọ̀ngán kan tí wọ́n ti ń ṣe eré, eré tó lórin nínú. Káfíńtà, nọ́ọ̀sì, ẹni tó ń ta síméǹtì, ẹ̀yìn iṣẹ́ ni gbogbo wọn ń wá ṣe é. Ìyàwó àbúrò mi ló lóhùn jù láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í dúró nínú orí rẹ̀, bí ẹni fi agbọ̀n pọn omi ni. Torí náà ni ọkọ rẹ̀ ṣe ń jókòó lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n ta, òun àti ìwé eré àti tọ́ọ̀ṣì. Bó bá ti gbàgbé, ọkọ á fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Nígbà tó yá, gbogbo òṣèré ló ń ṣe é fún.

Mo bi í nígbà kan bó ṣe ń ṣe é. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ méjì ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ó sọ ọ̀rọ̀ méjì, ẹ ó pa ẹnu dé. Bí ẹ bá kọjá méjì, àwọn èrò á gbọ́, ẹ ti dójú ti òṣèré nìyẹn."

Ohun tó ń ṣe títí irun rẹ̀ fi funfun nìyẹn. Kò gun orí pèpéle rí.

Ìyàwó rẹ̀ kú lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Àìsàn tí a pè ní kékeré ni. Nígbà tí a ti ibi ìsìnkú dé, àbúrò mi jókòó, ó bi mí bóyá òun ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Àwọn èèyàn ń retí kó sunkún. Kò sunkún. Ọjọ́ kejì, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Bí o bá kí i, á dá ọ lóhùn. Bí o bá gbé oúnjẹ fún un, á jẹ ẹ́ tán. Lọ́jọ́ kan mo mọ̀-ọ́n-mọ̀ má fi iyọ̀ sí i, kí n wò ó. Ó jẹ ẹ́, ó fọ àwo.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin pè mí lórí fóònù láti ìlú tó wà. "Bàbá àgbà, ẹ bá mi bá bàbá mi sọ̀rọ̀. Mo ní kí wọ́n wá bá mi gbé, wọn ò dá mi lóhùn. Ṣé wọ́n fẹ́ gbẹ síbẹ̀ ni?"

Mo jíṣẹ́. Àbúrò mi ń nu abẹ ìfárí lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹgbẹ́ fẹ́ tún eré etí omi ṣe."

Mo mọ eré náà. Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń ṣe ìyá tó sin ọmọ rẹ̀ lọ wọ ọkọ̀. Kò sí obìnrin tó fẹ́ gba ipò rẹ̀ báyìí. Tíṣà, ìyá tó ń darí ẹgbẹ́, ní kí wọ́n sọ ìyá di bàbá.

"Mo fẹ́ lọ dán an wò," àbúrò mi ní. "Bí wọ́n bá mú mi, n ó dúró. Bí wọn ò bá mú mi, kí ọmọ wá gbé mi."

Bí ẹni ń sọ pé ọṣẹ ti tán nílé ló sọ ọ́.

"Ìwọ? Kọrin?"

"Gbogbo rẹ̀ ni mo mọ̀."

Irọ́ kọ́. Mo tẹ̀lé e lọ.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ilẹ̀ gbọ̀ngán ni, ó ṣì ń yọ̀. Tíṣà jókòó níwájú, ìyá kan wà nídìí dùùrù. Ẹnì kan ṣoṣo ló tún wá fún ipò yẹn, fúlkánáísà tó ń lẹ táyà ní oríta wa.

"Ẹnu-Aṣọ! Ẹ̀yin náà? Ta ni yóò wá máa rán wa létí?" fúlkánáísà ní.

"Kí ẹ kọ́ ọ̀rọ̀ yín sórí."

"Orí tèmi tó kún fún táyà! Ẹ̀gbọ́n, bí ohùn ò bá jáde, ẹ sọ fún mi o. Ẹ̀rọ atẹ́gùn mi wà níta."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi náà yọ eyín. Eyín lásán ni.

Fúlkánáísà ló kọ́kọ́ kọrin. "Ọkọ̀ ti gúnlẹ̀, ọmọ mi, gbé ẹrù rẹ." Ohùn rẹ̀ dà bí lọ́rì tó ń gun òkè. Ibẹ̀ ló há sí, ó ń wo àjà. Kí n tó mọ̀, àbúrò mi ti ju ọ̀rọ̀ sí i láti orí bẹ́ǹṣì wa: "Omi kì..." Ọkùnrin náà hán an: "Omi kì í dúró de ẹni tó ń sunkún." Ó kọ ọ́ dé òpin.

Mo fi ìgúnpá gún un. "Ṣé orí rẹ pé? Ẹni tí ẹ jọ ń du nǹkan!"

"Kí ni mo ṣe?" Kò mọ̀ lóòótọ́.

Wọ́n pè é. Ó lọ dúró sí etí aṣọ.

"Bàbá, ẹ bọ́ sí àárín," Tíṣà ní.

Ó bọ́ sí àárín. Dùùrù bẹ̀rẹ̀. Ó la ẹnu. "Ọkọ̀ ti..."

Ohùn náà mọ́. Mi ò mọ̀ pé ó ní irú rẹ̀. Ó dákẹ́, ó kọjú sí ẹ̀gbẹ́, ó ń dúró. Dùùrù ń lọ. "Omi kì..." Ó tún dákẹ́, ó tún kọjú sí ẹ̀gbẹ́. Kò sí ẹni tó gbà á.

"Ẹ kọ ọ́ tán, Bàbá."

"Mo ń kọ ọ́."

Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Bákan náà ni. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Fúlkánáísà ń wo ilẹ̀ tó ń yọ̀ yẹn.

Tíṣà dìde wá bá a. "Bàbá, àga yín ṣì wà lẹ́yìn aṣọ."

"Fún ta ni?"

"Fún èmi ni, ẹ̀gbọ́n," fúlkánáísà ní. "Ẹ ṣáà ti rí orí mi."

"Ìwọ á mọ̀ ọ́n." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó mú fìlà rẹ̀.

Lójú ọ̀nà mo bi í bóyá ó dùn ún.

"Rárá." A rìn díẹ̀. "Ó yẹ kó dùn mí, àbí?"

"Mi ò mọ̀."

A ra búrẹ́dì, a lọ sílé.

Ọmọ rẹ̀ gbé mọ́tò wá lópin ọ̀sẹ̀. Bó ṣe ń kó ẹrù sínú bùútù, àbúrò mi fà mí lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí n jókòó, ta ni yóò tún máa gé irun mi lọ́fẹ̀ẹ́? Ó so aṣọ mọ́ mi lọ́rùn. Ẹ̀rọ ìgérun ń kùn lẹ́yìn etí mi.

Mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi: "Ọkọ̀ ti..."

Ó dákẹ́. Ẹ̀rọ náà dákẹ́. Mo wo dígí. Ó ń wo àtàrí mi, ó ń dúró.

Èmi kì í kọrin. Mo ní, "Ọkọ̀ ti gúnlẹ̀, ọmọ mi, gbé àpótí rẹ."

"Ẹrù ni. Kì í ṣe àpótí."

"Gbé ẹrù rẹ."

"Ọkọ̀ ti gúnlẹ̀, ọmọ mi, gbé ẹrù rẹ, omi kì í dúró de ẹni tó ń sunkún." Ó sọ ọ́ tán. Kò kọ ọ́ lórin, bí ẹni ń júwe ọ̀nà ni.

Ọmọ rẹ̀ fọn fèrè mọ́tò níta.

"Ẹ tẹ orí sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Ó ku ẹ̀gbẹ́ kan."